Àga Tí A Gé Lẹ́sẹ̀

Àga náà ga ju kámẹ́rà tí mo fi ń ya ìràwọ̀ lọ. Bí mo bá jókòó sí i, ọrùn á ro mí, ọwọ́ mi á gbọ̀n, ìràwọ̀ á sì fà gbọọrọ nínú àwòrán. Mo mú ayùn. Àmọ́ àga ìyàwó mi tó kú ni, ọmọ wa obìnrin sì ń bẹ̀ mí lórí fóònù.

"Dádì, ẹ má gé àga Mọ́mì. Màá ra òmíràn fún yín."

Mo gé ẹsẹ̀ kìíní. Òórùn igi náà gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Mákùn, nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìyá mi dojú àga rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì obì, ó ń gé e lẹ́sẹ̀ kí ó lè máa jókòó ṣa obì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé.

"Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé? Àga olóògbé!"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, bàbá."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Bí ó bá dun ẹni tó ni ín, kí ó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Inú mi á dùn."

Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, eèpo obì lẹ̀ mọ́ mi níka, mò ń retí bàbá mi títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìyá mi náà ń wo ọ̀nà.

"Dádì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Sọ fún ìyá rẹ kí ó wá gbà á," mo ní, mo sì gbé ayùn lé ẹsẹ̀ kejì.