Nọ́ńbà Olóríkunkun

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onínọ́ńbà fi lu nọ́ńbà sára mítà omi nílé iṣẹ́ kan. Irin tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí lẹ́nu á wà lọ́wọ́ òsì, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún. Mítà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì sí èyí tó kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí kò gbìyànjú láti pín. Bí méjì ò bá pín in, á fi mẹ́ta dán an wò, á bọ́ sórí márùn-ún, á bọ́ sórí méje. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, tó jẹ́ pé ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in tí nǹkan kan ò ní ṣẹ́ kù, òun ló ń pè ní olóríkunkun. Irú wọn ló fẹ́ràn jù.

Nígbà tó ku oṣù kan kó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ti ń sún mọ́ mítà mílíọ̀nù kan. Ọ̀gá ní kó fúnra rẹ̀ yan èyí tó máa lù kẹ́yìn. Ó yan 1,000,001. Ó ti fi gbogbo olóríkunkun kéékèèké pín in, láti orí méjì títí dé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ó ń ṣẹ́ kù ṣáá. Ló bá ròyìn ká ibi iṣẹ́ pé olóríkunkun ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ó fi ìwé ìṣirò náà han ìyàwó rẹ̀, tó máa ń lọ aṣọ nílé ìwòsàn.

"Kí ló dé tí ẹ fi dúró níbẹ̀?" ni ìyàwó bi í.

"Ó rẹ̀ mí ni."

"Háà, Bàbá ọmọ mi! Ẹ jẹ́ n fi èyí tó tẹ̀ lé e wò."

Ó gba pẹ́ńsù, ó kọ 101, ó pín in. Ó já sí 9,901 géérégé, kò ṣẹ́ kù rárá.

Bàbá wo ìwé náà títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀kan péré ló kù kí n dé ibẹ̀!"

"Ẹni tó ń lọ sí ẹgbẹ̀rún kì í tẹ́ ẹní sí ọgọ́rùn-ún."

Òótọ́ ló sọ. Bí ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà méjì bá fún wa ní iye tó tó báyìí, èyí tó kéré nínú wọn ò lè ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ wá a débẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá jẹ́wọ́ fáwọn ará ibi iṣẹ́ pé òun ṣì í. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́sàn-án. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá gbájú mọ́ 1,000,003. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n ń jókòó láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde, tí kálukú ń pín tirẹ̀. Olóríkunkun méjìdínláàádọ́sàn-án ló wà lábẹ́ ẹgbẹ̀rún. Kò sí ìkankan tó rí i pín. Kódà 997, tó kẹ́yìn wọn, méjìlá ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, Bàbá lu 1,000,003 sára mítà, ó rọra ń lù ú.

"Bàbá, kí ló wúlò fún?" ni ọ̀gá bi í.

"Kò wúlò fún mítà, ọ̀gá. Omi ò tiẹ̀ ní mọ̀. Àmọ́ a bi í léèrè títí, kò yí ohùn padà."

Wọ́n kó mítà náà sínú páálí pẹ̀lú àwọn yòókù, ọkọ̀ gbé wọn lọ. Bàbá bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó fọwọ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n jọ rìn lọ sílé. Oòrùn ti ga lọ́jọ́ kejì kó tó jí.