Bí Ọ̀gá Wa Ṣe Di Wolé-wolé Ẹmu ní Ọ̀nà Èmùré

Ọdún tí ọ̀gá ilé-ìwé wa ti ìlú òyìnbó dé, etí wa ò sinmi. Ọdún kan péré ló lò lọ́hùn-ún, níbi tí ìjọ rán an lọ kí ó lè kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sí i, ṣùgbọ́n tí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu, wàá rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, tí wọ́n kàn ṣèèṣì gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́ ni. Tí a bá sun iṣu, á ní ọ̀dùnkún tiwọn lọ́hùn-ún máa ń yọ́ lẹ́nu. Tí ọyẹ́ bá mú, tí gbogbo wa ń gbọ̀n, á tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, á ní ṣé èyí náà ni òtútù. Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn olùkọ́ nígbà náà, ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé, nítorí náà orí mi ni gbogbo rẹ̀ máa ń dà lé.

Ohun tó fẹ́ràn láti máa sọ jù ni bí òyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe mú un gun kẹ̀kẹ́ la àwọn abúlé kan kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fi èso àjàrà ṣe wáìnì. Wọ́n á dúró ní abúlé kan, wọ́n á tọ́ wáìnì ibẹ̀ wò, wọ́n á tún gun kẹ̀kẹ́ lọ sí òmíràn.

"Ọlọ́run fún àwa náà ní ọ̀pẹ," ni ó máa ń wí, "ṣùgbọ́n ta ló gun kẹ̀kẹ́ tọ̀ ọ́ lọ rí?"

Ìdajì àwọn alàgbà ìjọ wa ló ń gun kẹ̀kẹ́ tọ̀ ọ́ lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àfi pé wọn kì í pariwo. N kò sọ ọ́. Nígbà tí a gba ìsinmi Kérésì, ó ní èmi àti òun ni yóò jọ lọ, láti Ìkẹ́rẹ́ gba Ìsẹ̀ dé Èmùré, kí a lè mọ abúlé tí ẹmu rẹ̀ dára jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, ó wọ ṣòkòtò péńpé kakí, ó fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, ó sì dé fìlà líle bí èyí tí àwọn ajẹ́lẹ̀ máa ń dé. Ó fi ìnujú wé ife onígíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó fi í sí àpò. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó láti òkè délẹ̀.

"Baálé mi," ó ní, "ṣé ẹmu lẹ fẹ́ lọ mu ni, àbí ẹ fẹ́ lọ gba owó-orí?"

Ọ̀gá wa gun orí kẹ̀kẹ́. Ó tẹ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀, a sì bọ́ sọ́nà. Àpáta Olósùnta ṣì wà nínú ìkùukùu ọyẹ́ lẹ́yìn wa, eruku pupa sì ti kun ìbọ̀sẹ̀ funfun yẹn kí a tó jáde ní ìlú.

Abúlé àkọ́kọ́ tí a yà sí wà láàárín oko kòkó. Baba arúgbó kan tó jẹ́ olórí ibẹ̀ jókòó sídìí ọ̀pẹ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan, akèrègbè ẹmu wà láàárín wọn. Wọ́n kí wa tayọ̀tayọ̀. Baba náà bu ẹmu, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá síwájú ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi tú ìnujú, ó yọ ife rẹ̀, ó rọra da ẹmu náà sínú rẹ̀. Ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Oyin kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn náà ó bù ú sẹ́nu, ó ń fọ̀ ọ́ kiri ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin pákò tán, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ baba arúgbó.

Baba náà wo ilẹ̀ tó tutù, ó wo ọ̀gá mi.

"Kí ló wà nínú ẹmu mi?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, baba," ni ọ̀gá mi wí, ó sì fẹjú. "Bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. A kì í gbé e mì."

Ọ̀rọ̀ tó bà á jẹ́ ni "yẹ̀ ẹ́ wò" yẹn. Gbogbo wọn tún wo kakí, wọ́n wo fìlà, wọ́n wo ife. Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi pé, "Wolé-wolé ni. Wọ́n ti ní ti ẹmu báyìí." Ká tó ṣẹ́jú, àwọn obìnrin ti ń sáré bo ìkòkò omi, ọ̀kan ti gbá ìgbálẹ̀ mú, ọ̀dọ́kùnrin kan sì ti gba ọ̀nà oko sáré lọ kìlọ̀ fún àwọn ará iwájú.

Nítorí náà, nígbà tí a dé abúlé kejì, wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀ débi pé adìẹ ò rí nǹkan ṣà jẹ. Baálẹ̀ nìkan ló dúró lójú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú.

"A ò ní ẹmu níbí o," ó ní, nígbà tí a ò tíì bi í. "Onígbàgbọ́ ni gbogbo wa. A ò tọ́ ọ wò rí."

Lókè orí rẹ̀ gan-an, akèrègbè rọ̀ lára ọ̀pẹ, ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá mi la ẹnu láti sọ pé òun kì í ṣe wolé-wolé. Mo rí i tó la ẹnu. Àkùkọ ńlá kan ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ní àkókò náà, ẹnu náà sì pa dé. Èmi ni mo so àkùkọ mọ́ kẹ́ríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi.

Láti ibẹ̀ lọ, a ò rí ẹ̀kán ẹmu kan. Ní abúlé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún wa ní iṣu. Nígbà tí a kọjá Ìsẹ̀, ọ̀gá mi kò dúró kí wọ́n bi í léèrè mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè pé, "Ibo ni ṣáláńgá yín wà? Ṣé ẹ ń da eérú sí i?" Á gbóòórùn ilẹ̀, á mi orí, wọ́n á sì gbé adìẹ jáde. Kẹ̀kẹ́ wa méjèèjì ń ké bí ọjà adìẹ. Òùngbẹ ń gbẹ mí débi pé n kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń ro bí a ó ṣe se wọ́n.

Ní àbáwọ̀lú Èmùré, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó lábẹ́ igi ọdán, kakí ara rẹ̀ ti ṣá, akèrègbè ẹmu tó kún dẹ́nu wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ó ní. "Ìròyìn yín ti ṣáájú yín dé. Ibo ni wọ́n ti rán yín wá?"

"Láti òkè ni," ni ọ̀gá mi wí.

"Òkè wo? Èmi ni wolé-wolé gbogbo agbègbè yìí. Adìẹ mi sì ni mo ń gbọ́ tó ń ké lórí kẹ̀kẹ́ yín yẹn."

Òógùn bo ọ̀gá mi. Ó bọ́ fìlà, ó ń ṣàlàyé: olùkọ́, ìsinmi, wáìnì, òyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ bí ó ti ń mu ẹmu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tán, ó ní òun lè mú wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó bá òun ṣe é. Ó kó gbogbo adìẹ, ó kó iṣu, ó ní kí a sùn ní Èmùré, kí a padà wá lówùúrọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé wa ṣe tẹ̀ lé wolé-wolé kiri Èmùré ní ọjọ́ kejì, tó ń ṣí ìdérí ìkòkò, tó ń wá tanwíjí nínú omi. Mo rò pé ojú yóò tì í. Ojú ò tì í rárá. Ilé tí wolé-wolé bá ti ní ó dára, ọ̀gá mi á ní kí wọ́n dúró ná, á lọ ti orí bọ ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó ní kí wọ́n wó ilé adìẹ kan. Ó ní ewúrẹ́ kan dọ̀tí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀rẹ́," ni wolé-wolé ń bẹ̀ ẹ́. "Èmi ni mo máa padà wá sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yin ń lọ sílé yín."

Ilé ìyá arúgbó kan ló dé tó ti pàdé ẹni tó jù ú lọ. Ó tọ́ka sí tanwíjí nínú ìkòkò ìyá náà, ó ní kí wọ́n fọ́ ìkòkò náà. Ìyá náà ò bẹ̀ ẹ́.

"Ulé mi rè é, ùkòkò mi rè é," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?"

Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá náà gbé ìkòkò, ó sì da omi náà, tòun ti tanwíjí, sí i lára láti àyà dé bàtà. Wolé-wolé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà yí ojú sógiri, èjìká mi ń mì.

A gun kẹ̀kẹ́ padà sí Ìkẹ́rẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùkọ́ gbogbo agbègbè ṣe ìpàdé, ọ̀gá mi dìde, ó ní òun lo ìsinmi òun láti ṣèwádìí ìmọ́tótó ní ìgbèríko pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera kan. Ó sọ̀rọ̀ ṣáláńgá, ó sọ̀rọ̀ tanwíjí, ó sọ̀rọ̀ bí àwọn ará oko ṣe ṣòro láti là lójú. Òyìnbó alábòójútó ilé-ìwé pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n fi ọ̀gá mi ṣe alága ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó ìjọ kí oṣù náà tó parí, òun náà sì fi mí ṣe akọ̀wé.