Pákó Ìfẹ̀yìntì

Tí mo bá jí láàárọ̀ nínú ilé wa ní Ìbẹ̀rẹ̀kò, orúnkún mi méjèèjì ni mo kọ́kọ́ máa ń bẹ̀ kí n tó bẹ Ọlọ́run. Tí wọ́n bá gbà, mo dìde. Tí wọn kò bá gbà, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mò ń fi òróró pa wọ́n, mo sì ń gbọ́ tí ọkọ mi ń wí láti pálọ̀ pé, "Mọ́mì, aago ń lọ o." Ṣé aago ló fẹ́ bá mi lọ kọ́ àwọn ọmọ náà ni?

Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí Àgbádárìgì. Ọmọ Èkìtì ni mí. Odò tó wà ní abúlé wa, ewúrẹ́ lè rìn ín kọjá kí omi má kan ikùn rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé etí ọ̀sà níbí, mo rí obìnrin kan tó ń dá ọkọ̀ tù, ó pọn ọmọ, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin sí ọmọ náà. Mo dúró wò ó títí mo fi pẹ́ dé iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ohun tó wù mí kò ju pé kí èmi náà mú àjẹ̀ dání, kí n máa dá ọkọ̀ tù, kó má sì sí ibì kankan tí mo ń kánjú lọ. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní, "Ará òkè bíi tìẹ! Àwọn ẹja ni yóò kí ọ káàbọ̀."

Ni mo bá ń sún un síwájú. Mo ní ó di ìgbà tí àkọ́bí bá jáde yunifásítì. Ó jáde. Mo ní ó di ìgbà tí a bá kan òrùlé ilé. A kàn án. Ní báyìí, àbíkẹ́yìn ló kù. Ìjọba gbà mí láyè láti ṣiṣẹ́ dé ọgọ́ta ọdún, mo sì lè kúrò báyìí tí mo bá fẹ́. Ọkọ mi ní kí n dúró, kí ni ìkánjú? Ẹ̀gbọ́n mi ní owó oṣù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sá fún. Àwọn méjèèjì ò purọ́, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Àmọ́ mo lọ kí ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́ tèmi. Òun dúró títí dé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Ó ti ra ilẹ̀, ó fẹ́ gbin àgbọn. Iwájú ilé ni mo ti bá a lórí ìjókòó, àwọn ọmọ àgbọn náà ti gbẹ sínú láílọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọkàn ṣì ń fẹ́ ẹ o, ìbàdí ni ò gbà." Ẹ̀rù bà mí.

Obìnrin Ègùn kan wà, ará Àjídò, tó ń ta ẹja yíyan fún wa ní ilé ìwé. Ẹgbẹ́ ni wá. Ègùn ni òun, Èkìtì ni èmi, àwa méjèèjì ò fi "ẹ" dààmú ara wa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi ní ọkọ̀ títù. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ìyà jẹ mí. Ọkọ̀ ń yí lójú kan bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀, omi gba gbogbo ìró mi, àwọn obìnrin etí omi ń rẹ́rìn-ín mi ní Ègùn, èyí tí n kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún mi.

Ní Sátidé kan, bí a ṣe ń padà bọ̀, tí mo ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn mi, mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ fẹ̀yìntì."

Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo inú ọkọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́."

Nígbà tí mo padà lọ, ó ti dúró dè mí létí omi, inú rẹ̀ ń dùn, ó kí mi káàbọ̀ ní Ègùn. "Mì kuabọ̀, Tíṣà. Wá wò." Ó ti ní kí káfíńtà tó ń tún ọkọ̀ ṣe kan pákó kan sẹ́yìn ìjókòó mi. "O ní o fẹ́ fẹ̀yìn ti nǹkan. Fẹ̀yìn tì í."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Inú bí i.

"Kí lò ń rín? Ẹ̀yìn ò dùn ọ́ mọ́?"

"Ó ń dùn mí. Fẹ̀yìntì tí mo wí, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni."

"Ara rẹ ò yá?"

"Ara mi yá."

"Wọ́n lé ọ?"

"Wọn ò lé mi. Ọjọ́ orí ni. Tó bá ti tó, wọ́n á ní kó o máa lọ sílé, kó o lọ sinmi."

Ó ń fi ọwọ́ nu pákó náà bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀. "Èmi ńkọ́? Ta ni yóò wí fún èmi?"

Kò fi ìjà bi mí. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Sún díẹ̀, jẹ́ kí n wo bó ṣe rí," ó wí, ó sì wọ ọkọ̀, ó jókòó síbi tèmi, ó fẹ̀yìn ti pákó. Mo mú àjẹ̀. Òdìkejì la fẹ́ lọ, láti kó igi tó fi ń yan ẹja. A ò tíì dé àárín omi tí orí rẹ̀ fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti sùn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sórí itan.

Mo ń tù. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé etí ọ̀sà nìyí, èmi nìkan àti àjẹ̀ àti omi, láìsí ẹni tó ń pariwo lé mi lórí. Kò dùn tó bí mo ṣe rò. Èjìká mi ń ta mí, ọwọ́ mi ti bó. Síbẹ̀ inú mi dùn, n kò ní purọ́. Nígbà tí mo sún mọ́ èbúté, n kò gúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá kan ilẹ̀, yóò jí. Mo ń tù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko títí apá mi fi kọ̀, tí ọkọ̀ sì fi orí sọ gbòǹgbò igi kan.

Ó ta gìrì. "Ibo nìyí? Igi dà?" Ó wo oòrùn. "O ò jí mi! Kí ló dé tí o ò jí mi?" Ó já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó yí ọkọ̀ padà, ó sì ń tù ú kíkankíkan lọ síbi tí igi wà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọlé tọ ọ̀gá wa lọ, mo ní mo fẹ́ máa lọ ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ yìí. Ó ní, "Ẹ ṣì lágbára, Mà. Kí lẹ ń sá fún?" Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Ó mi orí, ó ní kò burú, òun gbọ́. Nígbà tí mo jáde, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó rẹ̀ jù mí lọ, kò sì ní ọ̀gá kankan tó lè wọlé lọ sọ ọ́ fún.