Nọ́ńbà Mẹ́tàdínláàádọ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Dáhì

Ohun tí Dáhì ń fẹ́ láyé yìí kò ju kí ìjọba wó ilé rẹ̀. Orí rẹ̀ kò dàrú o. Gbogbo Kùwéètì ló ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Epo ń ṣàn wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ahmadí tọ̀sán tòru, owó rẹ̀ ń ya wọlé, àwọn aláṣẹ sì ti rí ọ̀nà tí wọn yóò gbà pín in fáwọn ará ìlú. Wọ́n ń la títì. Ilé alámọ̀ yòówù tí títì bá máa gbà kọjá, ìjọba á rà á ní iye tí ẹni tí orí rẹ̀ pé kò jẹ́ dá lé e. Bí àwọn awọnlẹ̀ bá ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn rẹ, o ti di ọlọ́lá nìyẹn.

Ogún ọdún ni Dáhì fi wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ wá péálì. Etí òsì rẹ̀ dí síbẹ̀, kò sì rí péálì kan tó tó ojú adìyẹ. Nígbà tí epo dé, ìjọba fi ṣe ọdẹ ilé-ìwé, wọ́n fún un ní àga kan, orí àga náà ló sì ń sùn sí títí oṣù yóò fi parí. Ilé tó ń gbé gan-an, ti bàbá ìyàwó rẹ̀ ni. Láti Zanzibar ni bàbá náà ti fi ọkọ̀ kó igi àjà rẹ̀ wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Múdì, ìyàwó Dáhì, fi po amọ̀ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n Dáhì ti ṣèlérí ilé tuntun fún un ní àdúgbò Ṣàmíyà, èyí tí omi ẹ̀rọ ń jáde lára ògiri, tòun ti fíríìjì.

Àwọn awọnlẹ̀ dé lóòótọ́. Ilé mọ́kànlá ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí ládùúgbò, wọ́n sì fo ti Dáhì, nítorí pé ó fi díẹ̀ wọnú sẹ́yìn. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n kọ sí ti Yàkúbù tó múlé gbè é. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta rúpì, owó tí wọ́n ń ná nígbà náà, ni wọ́n kà fún un, kò sì sẹ́ni tó gbà tó bẹ́ẹ̀.

“Bàbá Gánímù, tìrẹ ńkọ́?” Yàkúbù fi orúkọ ọmọ Dáhì pè é bó ti ń kẹ́rù sọ́kọ̀ lọ Ṣàmíyà, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. “Àbí wọ́n fẹ́ fi tìrẹ ṣe àwòrán fáwọn àlejò ni?”

“Máa lọ jàre. Kí fíríìjì rẹ má tutù láéláé!”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí ooru ti da gbogbo àdúgbò sórí ẹní, Dáhì gbé ìyókù ọ̀dà pupa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ jáde. Ó lè kọ nọ́ńbà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ó ro ó dáadáa: nígbà tó jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló gba ọ̀kẹ́ mẹ́ta, kí lèèyàn fẹ́ fi òmíràn ṣe? Ó kọ ọ́ gàdàgbà.

“Bàbá Gánímù, kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?” Múdì ti yọ sí i.

“Fíríìjì rẹ ni.”

“Ẹ nu irùngbọ̀n yín. Fíríìjì ti ta sí i.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, katakata gba ọ̀nà etíkun wọlé. Ilé Dáhì ló kọ́kọ́ kàn. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wo ìwé, ó wo ilẹ̀kùn.

“Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ta ló nibí?”

“Èmi ni o! Ẹ jókòó, ẹ mu kọfí ná.”

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bu kọfí fún wọn. Múdì ń gbé ìkòkò àti ẹní jáde, ó bi ọkọ rẹ̀:

“Ṣé wọ́n ti sanwó?”

“Ìjọba elépo nìyẹn! Ibi tí wọ́n á da owó sí ni wọ́n ń wá.”

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ilé ti wó. Nígbà tí igi Zanzibar ń dá, Múdì jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó gbé ìborùn bojú. Ọ̀gá fi gègé fa ìlà sórí mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó fo ilé Yàkúbù, ó lọ bá èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní ọ́fíìsì ìjọba tí Dáhì ti lọ gbowó, akọ̀wé ṣí ìwé ńlá.

“A ti san tìyẹn. Ìtẹ̀ka Yàkúbù rèé.”

“Tèmi ńkọ́?”

“Nọ́ńbà mélòó ni?”

“Mẹ́tàdínláàádọ́ta.”

“Mo ní a ti san án. Baba, ta ló kọ nọ́ńbà sílẹ̀kùn yín?”

Dáhì yí etí òsì sí i. Ó dìde, ó ń lọ ilé, kó tó rántí pé kò sílé.

Nígbà tí Yàkúbù gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n di òun mú. Lẹ́yìn náà ló ju kọ́kọ́rọ́ fún un. “Wọ ilé mi. Lójú ìwé, wọ́n ti wó o.”

Wọ́n wọ ibẹ̀. Títì dé, ó bá ilé níbi tí ìwé ní kò sílé. Àwọn tó ń là á kò bá ìwé jà, wọ́n yà gba orí ilẹ̀ Dáhì kọjá.

Lọ́dún kejì, awọnlẹ̀ padà wá wo àwọn ilé tó ṣẹ́ kù. Ó dúró níwájú nọ́ńbà náà.

“Ilé yìí ti wó léṣìí.”

“Ẹ fọwọ́ kàn án! Àwa tí à ń gbénú rẹ̀ ńkọ́?”

Ó tún wo ìwé. “Ẹ ti kó lọ Ṣàmíyà. Owó ńlá lẹ gbà.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Dáhì wọlé. Múdì ń mọ ògiri ilé ìdáná tuntun, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

“Kí ló wí?”

Ojú ti Dáhì. “Ó ní a ti wà ní Ṣàmíyà.”

Láti ọjọ́ tí Dáhì ti fẹ́ ẹ, ẹ̀yin ni Múdì ń pè é. Ó gbójú sókè wò ó.

“Ó dáa. Ṣí ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri, kí o bu omi wá fún mi. Amọ̀ mi ti ń gbẹ.”

Dáhì gbé korobá, ó jáde lọ dúró de ẹni tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta omi.