Ọ̀dàn Tí Bàbá Wa Kó Wa Lọ

Ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ilé wa ní àdúgbò Akébé, ní Libreville, ọbẹ̀ ọ̀sán ṣì wà lórí iná. Ìyá wa ń ránṣọ nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pọnmi dé láti ìdí ẹ̀rọ omi ìgboro, èmi sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń to àwọn àjákù aṣọ tí ìyá wa kò lò mọ́. Bàbá wa wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fági pákó ilẹ̀kùn kan tí oníbàárà máa wá gbé. Gabon kò tíì pẹ́ tó gba òmìnira nígbà náà. Àsíá tuntun ṣì ń dán lórí àwọn ilé ìjọba, àwọn èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú láti mọ ẹni tó ni ilé àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Àlejò ni wá. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbé bàbá wa kúrò ní Nàìjíríà, kí wọ́n tó bí mi.

Ariwo páànù la kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn kan ń fi irin gbá òrùlé àwọn ilé bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Wọ́n ní àlejò kan lu obìnrin ọmọ ilẹ̀ kan ní ọjà Mont-Bouët, obìnrin náà sì kú. Kò kú. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ètè rẹ̀ ló bẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi rìn dé àdúgbò wa, ó ti di òkú, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa kú dípò rẹ̀.

Obìnrin ará Gabon kan wà nílé tó kángun sí tiwa, ẹja ló ń yan tà. Òun ló sáré wọlé wá. Ó fa èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lọ sí yàrá tirẹ̀, ó tì wá sábẹ́ ibùsùn láàárín àwọn agbọ̀n ẹja, ó sì jókòó lé ibùsùn náà. Láti abẹ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni mo ń rí níta. Mo gbọ́ ohùn bàbá wa. Faransé rẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ sọ ọ́: “Ẹ̀yin ọ̀gá, gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Gbẹ́nàgbẹ́nà lásán.” Ohun tó tẹ̀lé e ni ìró pákó lára èèyàn. Pákó ilẹ̀kùn tó ń fági lọ́wọ́ ni wọ́n fi lù ú. Ó ṣubú síta, ojú rẹ̀ sì wá dọ́gba pẹ̀lú tèmi. Ó rí mi. Wọ́n ń ta á nípàá níkùn, kò sì gbójú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹnìkan fọ́ ìgò, ó fi fa etí rẹ̀ ya títí dé ìsàlẹ̀.

Ìyá wa ló lé wọn. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó jáde, ó dà á sí ẹni tó mú ìgò lọ́wọ́ láyà. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn yòókù dúró. Obìnrin ẹlẹ́ja náà bọ́ síta, ó ń fi èdè wọn bú wọn, ó ń dárúkọ ìyá kálukú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n kó irinṣẹ́ bàbá wa, àáké àti òòlù nìkan ló ṣẹ́kù. Wọ́n ju ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa sínú gọ́tà.

Ní ọsibítù, wọ́n rán etí bàbá wa padà, ṣùgbọ́n ó wọ́. Nígbà tó dé ilé, ó máa ń jókòó síwájú ilẹ̀kùn tó ti fọ́, á máa wo ẹni tó bá ń kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó kàn ṣíjú sókè, ó ní, “A máa lọ.”

Inú ìyá wa dùn. Ó rò pé ilé ni. “Ṣé Nàìjíríà?”

“Rárá o. Ibì kan wà lẹ́yìn ìlú Mouila. Mo bá wọn kan òrùlé lágbègbè yẹn rí. Ọ̀dàn ni, koríko nìkan. Kò sí ẹni tó máa fọ́ ilé wa níbi tí kò sí èèyàn. Ọwọ́ wa la ó fi kọ́ ilé, ọwọ́ wa la ó fi gbin oúnjẹ. A ò ní tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Ìyá wa wò ó títí. “Bàbá àwọn ọmọ mi, kí ni a ó máa mu?”

“Omi.”

“Omi wo?”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú àwọn garawa, ìkòkò, àdá, àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá wa ti wẹ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi í sílẹ̀.

Igbó la kọ́kọ́ gbà kọjá, igbó tó ṣú débi pé ọ̀sán dà bí ìrọ̀lẹ́. A sọdá odò. Lẹ́yìn Mouila, igi dínkù, wọ́n tán, koríko ló wá kù títí tí ojú fi lè rí mọ. Ẹ̀rù bà mí. Akébé ni mo mọ̀, níbi tí o kò lè na ọwọ́ kí o má kan ògiri ẹlòmíì. Olórí abúlé tó wà nítòsí ibẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fún bàbá wa nílẹ̀ láìjanpata, ṣùgbọ́n ó ní, “Ìgbà tí ẹ dé kò dára. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Ẹ bá wa gbé lábúlé títí òjò á fi dé.” Bàbá wa dúpẹ́, ó sì kó wa lọ sí ibi tó jìnnà sí abúlé náà jù lọ.

A kọ́ ilé alámọ̀, a fi koríko bò ó. Kò sí iná, kò sí ọ̀nà, kò sí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ń tan èèyàn jẹ. Ojú ọ̀run á ṣú láràárọ̀ bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀, á ṣú bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀kán kan kò ní kán. Ilẹ̀ pupa náà le bí bíríkì. Ìsàlẹ̀ àfonífojì kan ni odò wà, odò tí kò ju kòtò ẹrẹ̀ lọ mọ́. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá lọ pọnmi láàárọ̀, ọ̀sán la máa ń padà dé. Garawa náà bó awọ àárín orí mi. Ìyá wa ń fi òróró pa á lálaalẹ́.

Bàbá wa gbẹ́ kànga. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ ni ilẹ̀ ń le sí i, títí ó fi kan òkúta. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò náà lójoojúmọ́ pẹ̀lú òòlù, ó ń lu òkúta náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń bú u. Orúkọ tó ń pe òkúta náà, irú èyí tí àwọn tó lù ú pè é ní Akébé ni. Nígbà tí kò rí omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan mìíràn lù. Ajá kan ti tẹ̀ lé wa láti abúlé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá wa bá a níbi tó ti ki ẹnu bọ inú ìkòkò omi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi òòlù lù ú, ó sì kú. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ wọ́ ọ dànù. Mo sunkún, ó gbá mi létí débi tí mi ò gbọ́ràn pẹ̀lú etí náà fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fojú winá rẹ̀ jù. Ó ti ń ga tó bàbá wa nígbà náà, ohùn rẹ̀ sì ti ń yí padà. Bàbá wa máa ń lù ú tó bá pẹ́ lódò, á lù ú tó bá tètè dé, á ní kò bu omi tó mọ́. Ìyá wa á bọ́ sáàárín wọn, á máa bẹ̀ ẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ yín ni.” Bàbá wa á tì í ṣubú, á tẹ̀ síwájú.

Àwọn ará abúlé máa ń sun koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n lè rí ẹran pa. A kò mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a rí èéfín, ẹ̀yìn náà la rí iná, ó ń bọ̀ bí ẹni tó ń sáré. Gbogbo wa fi ẹ̀ka igi tútù lù ú. Irun iwájú orí ìyá wa jó. Ilé náà ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n gbogbo igi ẹ̀gẹ́ tí a gbìn jóná. Bàbá wa gbé àáké, ó lọ sí abúlé náà. Ohun tó ṣe níbẹ̀, wọ́n ló gé ọ̀pó gbàgede olórí abúlé lulẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lu bàbá arúgbó náà. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ lù ú, ẹnu rẹ̀ sì kún fún ẹ̀jẹ̀ nígbà tó dé. Látọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ta oúnjẹ fún wa mọ́.

Lẹ́yìn iná náà ni ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gun òkè bọ̀ láti odò. Eérú bo ilẹ̀, ó ń yọ̀. A ti dé iwájú ilé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, garawa náà ṣubú, omi náà sì dà tán. Ilẹ̀ fà á mu lójú wa. Bàbá wa ń gé igi lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó yọ èèkù àáké náà kúrò lára irin rẹ̀, mo ṣì rántí bó ṣe fara balẹ̀ yọ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀gbọ́n mi. Ó lù ú lẹ́yìn, ó lù ú lápá, ó lù ú lórúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń ké. Nígbà tó yá, kò ké mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eérú, bàbá wa sì ń lù ú lọ.

Ìyá wa jáde láti inú ilé pẹ̀lú àdá.

“Fi í sílẹ̀,” ó ní.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, “ẹ” ni ìyá wa máa ń bá bàbá wa sọ, kódà nígbà tó bá ń lù ú. Bàbá wa gbọ́ ọ. Ó yíjú padà bí ẹni tí àjèjì pè.

“Èmi lò ń bá wí bẹ́ẹ̀?”

“Ìwọ ni. Tí o bá tún kan ọmọ yẹn, ọ̀kan nínú wa máa sùn sábẹ́ ilẹ̀ yìí lónìí.”

Ó na èèkù àáké náà sí i, ó bà á léjìká. Ìyá wa kò ṣubú. Ó gbé àdá sókè, ó sì bù ú. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ògiri kí n tó mọ ibi tó ti ń jáde. Apá ọ̀tún ni, láti ọrùn ọwọ́ títí dé nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́, ó là gbàgà. Bàbá wa jókòó sílẹ̀, ó ń wo apá náà. Ó dà bíi pé ó yà á lẹ́nu ju pé ó dùn ún lọ.

Ìyá wa ju àdá náà nù. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di apá náà pinpin, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó sì sọ fún mi láìwo ẹ̀yìn, “Sáré lọ sábúlé. Sọ pé ìyá rẹ ní kí wọ́n gbà wá.”

Mo sáré. Mo rò pé wọ́n máa lé mi. Olórí abúlé gbọ́ mi tán, ó pe àwọn ọ̀dọ́ tó lu bàbá wa, ó sì rán wọn tẹ̀ lé mi. Wọ́n so aṣọ mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbé bàbá wa sínú rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n, wọ́n sì gbé wọn dé ojú títì níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kọjá. Ọ̀kan lára wọn ru ẹ̀rọ ìránṣọ náà lórí. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọsibítù Mouila, ìyá wa sọ fún wọn pé igi ló ń gé tí àdá fi yẹ̀. Bàbá wa wà níbẹ̀, kò jiyàn.

Libreville la padà sí, ṣùgbọ́n àdúgbò Venez-Voir la lọ gbé, a kò padà sí Akébé mọ́. Ìka bàbá wa kò ká mọ́. Kò lè di ìfági mú, kò lè fa ayùn. Aṣọ tí ìyá wa ń rán ló ń bọ́ wa. Bàbá wa á máa gbálẹ̀ iwájú ilé pẹ̀lú ọwọ́ òsì, á máa bá àwọn aládùúgbò ṣàwàdà, àwọn èèyàn sì máa ń sọ fún mi pé bàbá mi níwà pẹ̀lẹ́. Kò na ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ wọn, kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún rẹ̀ san tó láti rìn dáadáa, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Port-Gentil, ó rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ pákó. Ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá wa. Kò bá bàbá wa sọ̀rọ̀ títí bàbá wa fi kú. Ó wá síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó sì padà lọ́jọ́ kejì.

Ìyá wa padà sí “ẹ” rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a padà dé. “Ẹ jẹun.” “Ẹ wá wẹ̀.” Wọ́n jọ gbé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí èmi náà ti lọ́kọ, tí bàbá wa ti kú, mo bi í léèrè nígbà tí a jókòó tí a ń ṣa ìrẹsì. Mo ní, “Ìyá mi, ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ò bà yín pé ẹ lè pa á?”

Ó fẹ́ ìyàngbò kúrò lórí atẹ.

“Mo fẹ́ pa á ni,” ó ní. “Orí rẹ̀ ni mo kọjú àdá sí. Òun ló gbé apá sókè.”