Iṣẹ́ tí Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ Rán Mi sí Lọ́ńdọ̀nù

Òórùn irú ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òtútù, kì í sì í ṣe àwọn ilé gíga tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù létí mi báyìí, irú gbígbẹ ni imú mi máa ń gbọ́, irú tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé, tí òórùn rẹ̀ sì kọ̀ láti gbé inú ọ̀rá. Mo gbé e la ìlú náà já lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi nìkan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tán bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọ yìí.

Ìyá wa ní Oǹdó ló yẹ kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́hùn-ún ló bímọ, ìwọ náà sì mọ̀ pé ìyá ọlọ́mọ ló máa ń lọ wẹ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n orúnkún ìyá wa ti bàjẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta kó má jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí èmi wá dípò wọn. O mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀ tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Àkúrẹ́. Èdè òyìnbó tí mo gbọ́ kò ju èyí tí mo lè fi ra òwú àti bọ́tìnnì lọ. Nígbà tí físà náà jáde, ẹnu ya gbogbo ilé, ó sì ya èmi alára jù wọ́n lọ.

Yàrá kan ni mo gbà ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn àdúgbò Alágbàká. Onílé mi ni ìyá arúgbó kan tí ọkọ rẹ̀ mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, ọkùnrin, Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà. Nígbà tí mo kó dé ilé náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni ọmọ náà máa ń pè é lórí fóònù. Ó ti ṣèlérí pé òun máa rán an lọ sí Mẹ́kà, ìyá sì ti ra aṣọ funfun sílẹ̀, ó kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tó tún yá, fóònù náà dákẹ́ pátápátá. Ọdún méjì kọjá. Obìnrin kan ní ojúlé kejì wá sọ ọ́ lẹ́nu kanga pé àfàìmọ̀ kó má ti kú, pé wọn kì í tètè tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá. Mo gbọ́ ọ. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ náà gbọ́ ọ, ó kàn gbé korobá rẹ̀, ó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ ló pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó gbé irú náà lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú àpòòwé àtijọ́ kan tí àdírẹ́sì ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bó o bá débẹ̀, bá mi fojú kàn án. N ò béèrè nǹkan mìíràn."

"Mà, wọ́n ní ìlú yẹn tóbi o."

"Ó tóbi ju Àkúrẹ́ lọ ni?"

"Ó jù ú lọ mà."

"Kó tóbi. Ṣé wọn kì í ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ ni? Gbọ́, má pe orúkọ ìwé rẹ̀ o. Orúkọ ìwé, ọlọ́pàá náà lè pè é. Àkànmú ni kó o pè. Bó bá wà láyé, á dáhùn."

Ní ilé wa ní Oǹdó, a kì í fi oríkì pe ọmọ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe máa ń ṣe é. Mo pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo wolẹ̀. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ Oǹdó yìí, ṣé ológbò lò ń pè ni? Fà á! Àkà-à-ànmú o!" Ó mú kí n pè é títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn ayálégbé yòókù ń yọjú lójú fèrèsé. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun alẹ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi wẹ ọmọ, tí mo fi fọ aṣọ, tí mo sì ń wo ìta lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Ní Sátidé tí ọkọ rẹ̀ kò lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jáde lọ wo ìlú. Mo ní mo fẹ́ lọ jíṣẹ́ Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́.

"Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tó wà níbí, irú lo fẹ́ gbé kiri inú rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ nọ́ńbà àwọn bọ́ọ̀sì tí mo máa wọ̀ sínú ìwé fún mi. Ó fún mi ní káàdì tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní kí n má wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, torí ó wọ́n, mo sì lè sọnù síbẹ̀. Mo se ẹyin méjì, mo fi búrẹ́dì tì í, mo dì í sínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò lè ra ju tíì kan lọ.

Mo gun òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì, mo jókòó síwájú pátápátá bí ọmọdé. Fún ìgbà díẹ̀, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ náà gbóná, irú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn mi dìde, ó lọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ bo imú. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Wọ́n kàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí òkè fi ṣófo tí ó ku èmi nìkan. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Bí bọ́ọ̀sì ṣe dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, ó kù púpọ̀ kí n dé ibi tí mo ń lọ. Mo pinnu láti fẹsẹ̀ rìn ín.

Mo rìn. Ní oko bàbá mi ní Bọ́lọ́rundúró, bí o bá pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà kòkó, ẹ máa kíra yín, ẹ máa béèrè ilé, béèrè ọmọ, kódà bí ẹ kò bá mọra rí. Nítorí náà, mo ń kí àwọn tí mo ń bá pàdé, "Gúdú mọ́nìn," pẹ̀lú ìtẹríba díẹ̀. Ẹni kan wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Nígbà tó di ẹnì kẹfà tàbí ẹnì keje, mo dákẹ́. Mo wá ń wo aṣọ wọn dípò ojú wọn: bí wọ́n ṣe gbé èjìká kóòtù sí, bí ojú abẹ́rẹ́ ṣe tò tẹ̀léra. Aṣọ ni mo mọ̀, aṣọ nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Afárá kan wà lórí odò ńlá tó la ìlú náà já, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń gé ni létí. Tọkọtaya kan dá mi dúró, wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ya fọ́tò. Mo yà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gba fóònù wọn, wọ́n lọ. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá wọ́n máa rántí béèrè bóyá kí àwọn náà ya tèmi. N kò ní fọ́tò kankan tí mo yà lórí afárá náà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo jẹ ẹyin mi, mo ń wo omi, ó sì ń ṣe mí bíi pé tí mo bá ṣubú sínú rẹ̀, aṣọ mi nìkan ni wọ́n máa rí.

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́ta nígbà tí mo rí ilé náà. Bíríkì pupa ni, aago ẹnu ọ̀nà pọ̀ lára rẹ̀, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ kò sì padé dáadáa. Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, mo kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ṣí i díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lára rẹ̀. Mo sọ orúkọ tó wà lẹ́yìn àpòòwé. Mo ti gbàgbé ìkìlọ̀ ìyá, orúkọ ìwé ni mo pè.

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí," ó wí lédè òyìnbó, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ojú tí mo rí rù ju ti fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri yàrá ìyá lọ. N kò lè búra pé òun ni. Mo sọ àtẹ̀gùn mẹ́rin kalẹ̀. Mo ń ro ohun tí mo máa sọ ní Àkúrẹ́, mo sì rí ìyá náà tó ń gbé korobá rẹ̀ wọlé. Ìgbà náà ni mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo dijú, mo la ẹnu.

"Àkà-à-ànmú o!"

Ohùn náà gbá ògiri, ó gun òkè lọ, ó sì padà wá bá mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ náà, n kò tíì sọ̀rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kíá, bí ọmọdé tí wọ́n pè níbi tó ti ń ṣeré, mo gbọ́ ọ: "Ẹ̀n?"

Mo gbọ́ tí ṣéènì náà jábọ́.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Ìyá yín ni."

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Wọ́n wà láyé?"

Ìyẹn ni n kò rò rí, pé òun náà ti ń bẹ̀rù ohun kan náà láti ọ̀hún. Mo ní wọ́n wà, pé ara wọn le. Ó ní kí n má bínú, pé àwọn mẹ́rin ló ń gbé yàrá náà, ẹnìkan sì ń sùn lọ́wọ́ torí iṣẹ́ òru. A bá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó tú báàgì náà, ó ti imú bọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rá mẹ́ta! Kò ṣiṣẹ́ rí láyé." Ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé iṣẹ́ òun ti bọ́, ìwé ìgbélùú òun kò sì pé mọ́. "Mẹ́kà yẹn ló há mi lọ́fun. Bí mo bá gbé fóònù, kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó ká ẹnu ọ̀rá náà padà. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé o ò bá mi. Sọ pé mo ti kó lọ."

N kò dáhùn. Ó gbà pé mo ti gbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.

Ó sìn mí dé ibùdókọ̀. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó bẹ̀rù, ó ń wo ọ̀tún wo òsì: "Dìde, dìde! Wọ́n á rò pé mo lù ọ́ ni." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì dé. Báàgì mi ti ṣófo, kò rùn mọ́, obìnrin kan sì wá jókòó tì mí láìwò mí. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ bí mo ṣe dá wà tó. Irú yẹn ni ẹnìkejì mi látàárọ̀, mo sì ti fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Àkúrẹ́, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ kò jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀. "Ṣé o fojú kàn án?"

Gbogbo ọ̀nà láti pápákọ̀ òfuurufú ni mo fi ń wá irọ́ tí mo máa pa, n kò sì rí èyí tó bá ẹnu mi mu. "Mo pè é ní Àkànmú, mà," ni mo wí. "Ó sì dáhùn."

"Báwo ló ṣe dáhùn?"

Mo ṣe é fún un: "Ẹ̀n?"

Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òun ni! Alihamudulilahi, òun ni! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe láti kékeré, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Kò béèrè irú ilé tó ń gbé, kò béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe, kò dárúkọ Mẹ́kà. Mo rò pé ìyá tó bí i ti gbọ́ ìyókù nínú ohun tí n kò sọ.

Ọmọ náà kò tíì pè títí di òní. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí ní ohun tí mo mú bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, n kì í sì í mọ èyí tí mo fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kì í sì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, bí mo bá wà nídìí máṣíìnì mi, mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá láti yàrá rẹ̀ tí ó ń fa orúkọ náà gùn, "Àkà-à-ànmú o!" Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń pè. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Mo máa ń dá ẹsẹ̀ máṣíìnì dúró, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, màá sì dáhùn sókè kí gbogbo ilé gbọ́: "Ẹ̀n?"