Káàdì Àlòkù Tí Mo Lọ Wò ní Pearland

Ẹ gbọ́ o, bàbá kan sọ fún mi lónìí pé iná ò sí nínú gáréèjì àwọn, bẹ́ẹ̀ fíríìjì ń kùn lẹ́yìn wọn!

Mò ń to kọ̀ǹpútà géèmù jọ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kó lágbára, àmọ́ kò gbọdọ̀ pariwo, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ni ìyàwó mi ń ṣe, ọ̀sán ló ń sùn. Mo wá rí káàdì gráfíìsì àlòkù, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó pọ́ọ́kú. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ fu mí lára.

Mo dé ìlú Pearland, lókè òkun níbí, àgbà Yorùbá ló ń tà á. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tàn án wò."

"O ò fọkàn tán mi ni? Ọmọ ìyá ni wá! Iná ò sí níbí."

Mo wo fíríìjì. Àwọn náà wò ó. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi káàdì sínú kọ̀ǹpútà wọn, a ṣí géèmù. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

"Ṣó o gbọ́ ariwo kankan?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Fáànù tó yẹ kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí káàdì ò yí rárá. Mo fọwọ́ kan káàdì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi.

"Sà, fáànù yìí ti kú."

"Kò kú, ó ń sinmi ni."

Mo dúpẹ́, mo sá wọ mọ́tò.

Ní báyìí, ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ ìpolówó wọn pé òun ń bọ̀ wá rà á. Ṣé kí n kìlọ̀ fún un ní gbangba, àbí kí n bọ̀wọ̀ fágbà? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ó ti wà lọ́nà!